Ọkọ̀ Pupa Tí Iwájú Rẹ̀ Kò Di Ilẹ̀ Mú

Ọ̀nà Ìjù, Ọ̀tà.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Waliyullah, àbúrò mi,

Àsàláàmù àlékúùmù. Ṣé òtútù Manchester kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Àwa ń bẹ níbí, òjò ń lù wá, àwọn ilé iṣẹ́ ń da èéfín lé wa lórí, a sì ń dúpẹ́. Màámi ní kí n kí ọ. Ó ní ẹnì kan ń jí àdí òun, èyí tó fi ń pa orúnkún tó ń dùn ún, pé lójoojúmọ́ ni ti inú ìgò ń dín kù. Ó ní kí n sọ fún ọ, bí ẹni pé ìwọ lo máa ti Ìlú Ọba wá mú olè.

O mọ̀ pé ó ti mú wa búra. A ò gbọ́dọ̀ pe ara wa lórí fóònù mọ́ títí a ó fi mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láìpariwo. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní, "ẹni tó ń kọ̀wé kò lè já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì." Mo ti kọ ọ́, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Má fi ohùn dá mi lóhùn. Kọ tìrẹ náà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ pupa tí o gbé wá lóṣù kejì, tí o ní kí n máa bá ọ tọ́jú títí o ó fi padà wálé, tí o ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Kí ni mo fẹ́ fi agbára ṣe? Iwájú rẹ̀ ni kò gbọ́ràn. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń gbé Màámi lọ sí ọsibítù ojú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo dé kọ́nà wa, mo yí ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, ọkọ̀ ní tààrà lòun ń lọ. Mo tún yí i, ó tún ń lọ tààrà, àfi bíi màlúù tó rí koríko. Díẹ̀ ló kù kí a wọ inú búlọ́ọ̀kù tí ọkùnrin kan tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Màámi ní, "Síráju, ṣé ọkọ̀ yìí mọ ibi tí à ń lọ, àbí ó ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń lọ?"

Ìwọ tó o kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìjù, tí o kò lè rán ṣòkòtò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gùn bákan náà, ta ló ní kó o lọ ra ọkọ̀ eré ìje fún àwa tí à ń gba ojú ọ̀nà oníhò?

Mi ò sọ pé mi ò dúpẹ́ o. Mò ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bí mo bá ti dé, ìdí rẹ̀ ni mo fi ń wọ abẹ́ páànù tí mò ń gbé e sí, kí ojú rẹ̀ lè kọ sí títì. Gbogbo èrò tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ ló ń kí i kí wọ́n tó kí mi. Taya iwájú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Kí ló wá dé tí kò di ilẹ̀ mú?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ páìpù, mi ò fi gbá ewúrẹ́ rí. Síbẹ̀, nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi bóyá èmi gan-an ni mi ò mọ ọkọ̀ wà. Gbàgbé pé mo kọ ìyẹn. Fi taya ránṣẹ́, tàbí kó o fi ọgbọ́n ránṣẹ́, bí o bá ní.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sírájúdéènì.


Manchester.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi Síráju,

Wàálékúùmù sàláàmù. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè wa. Mo dúpẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ akẹ́rù páìpù yàtọ̀. Ẹ̀yìn ló ń ti ìyẹn lọ. Èyí, taya iwájú méjèèjì ló ń fà á, àwọn náà ló ń yà á, àwọn náà ni bíréèkì gbójú lé jù. Iṣẹ́ mẹ́ta lọ́rùn ẹsẹ̀ méjì. Tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn nínú kọ́nà, ẹ ti ní kí ẹsẹ̀ kan náà sáré, kó tún yà. Yóò mú ọ̀kan, yóò fi èkejì sílẹ̀. Kì í ṣe màlúù. Ẹni tó wà lẹ́yìn màlúù ni mò ń wò.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ taya. Ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin níbì kan. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, rọ́bà rẹ̀ ti gan, kò lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tó tutù. Ẹ má wo bó ṣe ń dán. Rọ́bà tó rọ̀ ni kí ẹ wá, tí ojú rẹ̀ ní ọ̀nà tí omi lè gbà sá jáde. Kí ẹ má sì ra tókúnbọ̀. Taya tí òyìnbó lò tó sọ nù, kí ló ń wá lábẹ́ ìyá mi?

Ní ti ṣòkòtò, ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́ lọ yídì lọ́dún náà. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ yín ni kò dọ́gba. Ẹ bi Màámi bóyá kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń lo àdí tó ń gbàgbé.

Àbúrò yín,
Waliyullah.


Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù keje.

Waliyu,

Mo kí ọ. Mo ka ẹ̀kọ́ rẹ. Ẹja ń kọ́ apẹja ní bí a ṣe ń ju àwọ̀n. Nítorí pé wọ́n ní kó o máa fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì, o ti di ọ̀jọ̀gbọ́n taya.

Mo ra tókúnbọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rà á. Taya tuntun tí wọ́n ń tà ní Ṣàngó, ta ló mọ èyí tí kì í ṣe ayédèrú níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ Jabez ni mo lọ, fọkanáísà tó wà níwájú ilé wa, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo bọ́ ìyàwó àti ọmọ méjì. Mo ní, "Jabez, fún mi ní taya méjì tó lè di ilẹ̀ òjò mú." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tókúnbọ̀ ni mo ní o, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí ṣì rọ̀. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Mo wo nọ́ńbà rẹ: 0921. Ọdún mẹ́rin, kò tíì pé mẹ́fà tí olùkọ́ àgbà wí.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọkọ̀ di ilẹ̀ mú bí ológbò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ọ. Ọjọ́ kẹta, mo tún ọkọ̀ ṣe, ó mọ́ fínnífínní, a gbéra láti lọ kí ẹbí ní Adó-Odò. A ò tíì jìnnà tí iwájú tún bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Mo yí ọwọ́, kò yà. Mo tẹ bíréèkì, ó ń yọ̀ lọ bí ọmọ tó jókòó sórí ẹrẹ̀.

Mo bọ́ taya méjèèjì, mo gbé wọn lọ síwájú Ayọ̀rìndé, alága ẹgbẹ́ fọkanáísà. Ìpàdé wọn pé. Mo ní, "Alága, ọmọ yín yìí ń ta ikú fún wa." Alága fi ọwọ́ ra ojú taya, ó ní, "Lóòótọ́, ó ń yọ̀." Jabez ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ òórùn rẹ̀." Mo ní, "Òórùn kẹ̀? Ṣé ọbẹ̀ ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi wádìí.

Bí a ṣe ń ṣe é ní Ọ̀tà nìyẹn. A kì í fi nọ́ńbà mẹ́rin mú olè.

Àdí Màámi ṣì ń dín kù. Ó ti ti ìgò mọ́ inú àpótí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sírájúdéènì.


Manchester.
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé nítorí pé ohun tí mo kọ́kọ́ kọ kò ṣeé kà fún ẹ̀gbọ́n ẹni.

Mo fọ bọ́ọ̀sì fún ọdún kan. Ọdún kẹta rèé tí mò ń pààrọ̀ taya wọn. Taya ọdún mẹ́rin, tí èékánná wọ̀, tó di ilẹ̀ mú fún ọjọ́ méjì, kò lè di ayédèrú lọ́jọ́ kẹta. Rọ́bà kì í jí láàárọ̀ kó yí èrò padà. Ohun tí ẹ ṣe fún ọkùnrin yẹn kò wù mí.

Mo ti bá oníṣòwò taya kan ní Èkó sọ̀rọ̀. Wọn yóò gbé mẹ́rin wá, tuntun, irú kan náà, ọdún yìí ni wọ́n ṣe é. Mẹ́rin ni mo wí, kì í ṣe méjì: bí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn kò dì í mú, ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ dé kọ́nà. Mo yan èyí tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ jù fún òjò. Yóò tètè jẹ tán, ìyẹn kò kàn mí. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí taya tó gbóná. Ẹ máa rọra tẹ iná.

Bí èyí náà bá yọ̀, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe taya mọ́. Màá ní kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún Ògúndèjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Adó-Odò. Òun kì í ṣe agbéraga, kò sì ní akọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Waliyullah.


Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ.

Waliyullah,

Má pariwo. Màámi ń bẹ, ó ń jẹun.

Taya dé. Mo jẹ́wọ́ pé ó dára. Ó fẹ̀, ó rọ̀, wọ́n fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi gbọ́ kí ó yọ̀. Mo ti ń pète bí màá ṣe kọ̀wé sí ọ láì jẹ́ kí o mọ̀ pé o borí mi.

Lọ́jọ́bọ̀, a ń lọ sí ọsibítù. Òjò winniwinni ni. Ní Ojú-Ọ̀rẹ́, ọlọ́kadà kan já sí mi níwájú, mo tẹ bíréèkì, mo yí ọwọ́. Iwájú kọ̀. A wọ gọ́tà. Orí Màámi gbá dásíbọ́ọ̀dù, ó wú bí ọsàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e. Dókítà ní kò wọnú.

Àwọn èèyàn sáré wá fa ọkọ̀ jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Irú ọkọ̀ dídán báyìí!" Ìyẹn ló ká mi lára jù, mi ò mọ ìdí rẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé oníṣòwò Èkó rẹ náà lu ọ́ ní jìbìtì. Ó sì lè jẹ́ èmi. Ìwọ ṣáà sọ̀rọ̀.

Sírájúdéènì.


Manchester.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n,

Mo ti bá Màámi sọ̀rọ̀. Ìbúra tirẹ̀ kò kan èmi àti òun.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Mo sọ fún ọ̀gá mi níbí pé taya tuntun ń dára fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á máa yọ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ló ń fi nǹkan sí i?" Nítorí náà, ẹ jókòó, ẹ mú bírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe fún ọkọ̀ yẹn láàrin ọjọ́ tó dára àti ọjọ́ tó burú. Gbogbo rẹ̀. Ẹ má fo ìlà kan.

Bí oṣù tó ń bọ̀ bá fi máa dé ogúnjọ́ tí mi ò rí èsì, Ògúndèjì ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́.

Waliyullah.


Ọ̀tà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án.

Waliyu, ọmọ ìyá mi,

Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sá fún lẹ́tà yìí.

O ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Mo fọ ọkọ̀. Mo nu dígí. Mo gbá inú rẹ̀. Mo pa taya. Ibẹ̀ ni bírò mi dúró sí.

O mọ̀ pé àwọn tó ń fọ ọkọ̀ níbí máa ń fi nǹkan pa taya kó lè dúdú. Tiwọn kì í pẹ́ tó fi ń ṣá. Mo dá ọgbọ́n tèmi. Àdí, pẹ̀lú dísẹ̀lì díẹ̀. Àkísà ni mo fi ń pa á. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ taya nìkan o. Mo ń pa ojú rẹ̀ náà, ibi tó fi ń tẹ ilẹ̀, torí tí ọkọ̀ bá kọjú sí títì tí mo bá yí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ojú yẹn ni èrò ń rí. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ̀yìn wà lábẹ́ páànù. Ta ló ń wo ìdí ọkọ̀? Iwájú nìkan ni mò ń pa, láàárọ̀ ọjọ́ tí a bá ń jáde, kí n tó ṣí géètì. Taya tuntun rẹ, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi fi í sílẹ̀ nítorí pé ó dúdú fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a wọ gọ́tà ni mo kọ́kọ́ pa á.

Màámi ló mú mi. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń kọjá níwájú ọkọ̀, orúnkún mú un, ó fi ọwọ́ ti taya kó lè nàró. Ó gbé ọwọ́ náà sí imú. Ó ní, "Síráju." Mo ní, "Mà." Ó ní, "Àdí orúnkún mi lo fi ń pa taya? Ṣé taya náà ní làkúrègbé ni?"

Mo ti ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà. Má bi mí bí mo ṣe ní i.

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sàn ju ohun tí mo ṣe lọ. Láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ páìpù ti dá mi dúró, kò sẹ́ni tó ń kí mi ní títì mọ́. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ń wo ẹsẹ̀ ara wọn kọjá. Ọkọ̀ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. "Alàájì Síráju, ọkọ̀ yín mà ń dán o!" Alàájì. Èmi tí mi ò tíì rí Mọ́kà lójú àlá.

Ọ̀rọ̀ Jabez ni kò jẹ́ kí n jókòó. Wọn ò tíì dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Mo rí i ní Ṣàngó, ó ń ti bárò, ó fi ẹrù ẹlẹ́rù kún un. Mo yà gba ọ̀nà mìíràn. Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kí èyí wà láàrin àwa mẹ́ta. Màá lọ bá alága, màá sọ fún un pé mo ti dárí ji Jabez, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè.

Sírájúdéènì.


Manchester.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín. Àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo rántí orí Màámi. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo dé ibi tí ẹ ti fẹ́ dárí ji Jabez. Ẹ fẹ́ dárí ji ẹni tí ẹ ṣẹ̀! Irú àdí wo tún nìyẹn?

Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́ padà. Iwájú alága kan náà, iye ojú kan náà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá tíì padà sọ́wọ́ rẹ̀ kí ogúnjọ́ tó pé, ẹ gbé ọkọ̀ fún Ògúndèjì. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ taya. Dísẹ̀lì ń jẹ rọ́bà, mo kàn ń gbàdúrà pé kò tíì wọ̀ ọ́ lára. Ẹ ra àdí fún Màámi.

Ẹ rántí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí mo fi ẹ̀yìn tì nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sílé? Ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni. Mo dúró títí olówó rẹ̀ fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Waliyullah.


Ọ̀tà.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù rẹ. Ara Màámi ti yá, àmọ́ kò jẹ́ kí n sún mọ́ àpótí rẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé lẹ́tà rẹ ni mo lọ. Wọ́n tó ogójì, wọ́n jókòó lórí taya yíká. Ayọ̀rìndé rí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ tún ti mú olè mìíràn wá?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alága." Ó ní, "Òun dà?" Mo ní, "Èmi ni."

Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àdí, ẹnì kan kígbe látẹ̀yìn: "Ẹ dúró ná! Ẹ fi àdí pa taya, ẹ tún gbé taya wá sí ilé ẹjọ́?" Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Òmíràn ní, "Tí ọyẹ́ bá dé, Alàájì, òrí lẹ máa fi pa á?" Arúgbó kan ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ ò rí i pé kò fẹ́ kí taya rẹ̀ hun ni?" Mo dúró gbà á. Nǹkan mìíràn kò sí tí mo lè ṣe. Èmi náà ni mo kọ́ wọn ní ẹ̀rín yẹn lóṣù keje.

Jabez nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ara ti bárò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí ẹ jẹ́ kí n gbọ́ òórùn rẹ̀."

Mo ní, "O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ṣé ọbẹ̀ ni."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi ti bárò, Ẹ̀gbọ́n."

Mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ní òun á rò ó.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ pupa ni mo fi gbé e padà síwájú ilé wa. Ọ́ìlì rẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì bóòtù, mi ò dúró nù ún. Ayọ̀rìndé fẹ́ kí n san ìtanràn, Jabez ní òun kò fẹ́.

Mo ti fọ taya lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ti ṣá, ó rí bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ òjò rọ̀ gan-an. Mo dé kọ́nà wa, mo rọra yí ọwọ́ ọkọ̀, ó yà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màámi ń sùn nínú ọkọ̀, kò tilẹ̀ jí. O yan taya dáadáa. Mo ti kọ ọ́, má jẹ́ kí n tún un kọ.

Àwọn tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ kì í dúró mọ́. Àwọn tó bá dúró ń bi mí ní ti òrí.

Ọ̀dọ̀ Jabez ni mo ti ń wọn afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́bọ̀. Kì í kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Kó tó fi rọ́bà ẹ̀rọ rẹ̀ kan taya, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, á fi ìka ra ojú taya iwájú, á gbé ìka sí imú. Taya ọ̀tún, taya òsì. Bó ti wù kí èrò pọ̀ tó níbẹ̀, á ṣe é. Ó ti ṣe é lọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́bọ̀ yìí, kó tó dìde, mo na ọwọ́ tèmi méjèèjì sí i. Ó wò mí. Ó gbé imú sí wọn.

Ó ní, "Ọṣẹ ni."

Ó wá fún taya ní afẹ́fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Sírájúdéènì.